Èébú Kì Í Yọ́ Ọ̀rá: Èsì fún Àwọn Tó Ń Gbèjà Dókítà Ẹlẹ́nu Líle

Ìgbàgbọ́ kan wà láàárín wa ní Ìbàdàn, láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba, láti orí òkè Mápó dé Bẹyẹrunka, tó ti pẹ́ débi pé ẹnikẹ́ni kì í tún bèèrè ẹ̀rí rẹ̀ mọ́. Òun ni pé bí dókítà bá fi ara sísan bú èèyàn, oore ló ṣe é. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà á dùn ún dénú, á sì jẹ́ kó dín oúnjẹ kù. Bí ìyá kan bá ti ilé ìwòsàn dé pẹ̀lú omijé lójú, tó ní dókítà bi òun níwájú èrò pé, "Màmá, ṣé gbogbo àmàlà Ìbàdàn lẹ fẹ́ dá jẹ tán ni?", àwọn ará ilé á ní, "Ẹ má bínú sí i. Òótọ́ ló sọ. Ó fẹ́ràn yín ni."

Irọ́ ni. Èébú ni dókítà yẹn bú u, èébú náà sì lè ṣekú pa á.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ tiwa fúnra wa ṣe ta kora ná. Nínú agboolé, ẹni tó sanra la máa ń yìn: "Ara yín mà ti yọ o! Ọkọ yín ń tọ́jú yín." Ẹni tó bá jò díẹ̀ lẹ́yìn ààwẹ̀, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í fojú àìsàn wò ó. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìgbéyàwó rẹ̀ kù dẹ̀dẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á júwe oògùn tí yóò lò kó lè kún aṣọ. Dexamethasone ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé mì, tàbí cyproheptadine tí ń fa ebi, láìsí ìwé dókítà kankan. Dexamethasone máa ń dá omi àti ọ̀rá dúró sí ara, ó máa ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, ó sì máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru. Nígbà tí ọdún bá gorí ọdún, obìnrin kan náà á dé iwájú dókítà, wọ́n á pè é ní alájẹkì. Kò sẹ́ni tí yóò bi í pé oògùn wo ló ti lò rí. Wọn kò ní bèèrè bóyá ó ń gba abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí, èyí tó lè mú àwọn obìnrin kan sanra, tàbí iye wákàtí tó fi ń jókòó nídìí ọjà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ìdájọ́ ti wà nílẹ̀ kó tó jókòó.

Àwọn tó ń gbèjà ẹnu líle máa ń sọ pé ìtìjú ló ń kọ́ni lọ́gbọ́n. Ó dára, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìtìjú ṣe fún àwọn tí wọ́n fi í wò. Ní ọdún 2014, àwọn olùwádìí ní University College London, Sarah Jackson, Rebecca Beeken àti Jane Wardle, gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì 2,944, tí gbogbo wọn ti tó ẹni àádọ́ta ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi tẹ̀ lé wọn. Àwọn tó ní wọ́n ti fi ìwọ̀n ara àwọn yẹ̀yẹ́ tàbí fojú tẹ́ àwọn fi nǹkan bíi kílò kan sanra sí i. Àwọn tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí jò díẹ̀. Ní ọdún tó ṣáájú ìyẹn, Angelina Sutin àti Antonio Terracciano ti rí irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà nínú èèyàn tó lé ní 6,000: ẹni tí kò tíì sanra jù tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń fi ìwọ̀n ara rẹ̀ fojú tẹ́ ẹ, ó ṣeé ṣe ní ìlọ́po méjì ààbọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ kó di ẹni tó sanra jù. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ sọ pé bóyá àwọn tó tóbi tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń bú, àwọn olùwádìí náà ti ro ìyẹn mọ́ ọn: wọ́n ṣírò ìwọ̀n tí oníkálukú wà níbẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó fi wọ́n wé ara wọn. Bí èébú bá jẹ́ oògùn ni, ilé ìṣẹ́ tó ń ṣe é ì bá ti kó o kúrò lọ́jà.

Kí ló fà á? Ìdààmú ọkàn máa ń mú kí ara tú èròjà cortisol jáde, èròjà yìí sì máa ń fa ebi, ó máa ń kó ọ̀rá jọ sí ikùn. Ẹni tí ojú ń tì kì í fẹ́ rìn gba òkè Mápó lọ sókè lọ sílẹ̀ kí wọ́n má baà wò ó. Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù níbí, lójú tèmi, ni pé kì í padà sí ilé ìwòsàn mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dunni. Oògùn rẹ̀, ojoojúmọ́ ni, àyẹ̀wò rẹ̀ sì ní ọjọ́. Ìyá tí wọ́n dójú tì ní oṣù yìí á ní ọjà ló ká òun mọ́ ní oṣù tó ń bọ̀. Oògùn á tán, kò ní ra òmíràn, á kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta àgbo tí kò ní bú u. N kò bá a wí. Ẹni tó bá pọ́n ọn lé ló lọ bá. Ọjọ́ tí apá kan àti ẹsẹ̀ kan bá kọ̀ tí wọn kò gbé mọ́, gbogbo wa á wá máa bèèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Mo mọ èsì tí wọ́n máa fún mi: ṣé ara sísan kì í fa àìsàn ni? Ó ń fà á. N kò sẹ́ ẹ, n kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìwé yìí sẹ́ ẹ. Ìbàdàn yìí gan-an ni ìmọ̀ náà ti wá. Ní 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí SIREN jáde, lórí èèyàn tó lé ní 2,000 tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ní Nàìjíríà àti Gánà, tí wọ́n fi wé iye kan náà tí kò ṣe. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣíwájú gbogbo ohun tó ń fà á. Lára àwọn tó tẹ̀ lé e ni ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà, ikùn tó tóbi ju bó ṣe yẹ lọ ní ìfiwéra pẹ̀lú ìdí, àìjẹ ẹ̀fọ́, ìdààmú ọkàn, iyọ̀ tí à ń bù sí oúnjẹ lórí tábìlì. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìdààmú ọkàn wà nínú ohun tí wọ́n kà. Dókítà tó bá ń dá kún un, ó ń bá àrùn náà ṣiṣẹ́ ni. Ẹ sì wo iye nǹkan tó wà níbẹ̀ tí èèyàn lè bá ìyá ọlọ́jà sọ láìfẹnu kan ìwọ̀n ara rẹ̀: ewédú àti ṣọkọ tó rọrùn láti rà ní Ọjà'ba, iyọ̀ tó ṣeé dín kù, oògùn tí kò yẹ kó já.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé ẹnu líle máa ń fi iṣẹ́ tí a kò ṣe pamọ́. Àpò tí wọ́n ń dè mọ́ apá láti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ìwọ̀n, bí bàtà ṣe ní. Ní 2023, àwọn olùwádìí ní Baltimore ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí wọ́n bá de àpò tó wà fún gbogbogbòò mọ́ apá tó nílò èyí tó tóbi jù lọ, òǹkà òkè á fi nǹkan bí 20 lé sí i. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 125, ẹ̀rọ á pè é ní 145. Ilé ìwòsàn mélòó ló ní àpò ńlá náà? Ó rọrùn láti bú apá ju láti ra àpò lọ. Òǹkà BMI, tí wọ́n fi ń wo bóyá ìwúwo èèyàn bá gíga rẹ̀ mu, tí wọ́n sì fi ń dájọ́ pàápàá, Adolphe Quetelet, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù tí kì í ṣe dókítà, ló ti gbé e kalẹ̀ láti nǹkan bí 1832, ara àwọn òyìnbó ló sì fi ṣe é. Ní 2023, ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kò yẹ kí wọ́n máa dá òun nìkan lò.

Nígbà míràn, ọ̀rá tí wọ́n ń wò kò ní jẹ́ kí wọ́n rí àìsàn. Ní 2018, obìnrin ẹni ọdún 64 kan kú ní ìlú Victoria, ní Kánádà. Ó ti ń ṣàìsàn fún ọdún mélòó kan. Gbogbo ibi tó lọ, wọ́n ní kó lọ jò. Àrùn jẹjẹrẹ ni. Nígbà tí wọ́n máa rí i, ọjọ́ díẹ̀ ló kù fún un. Kó tó kú, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìkéde ikú òun pé kí àwọn obìnrin tó sanra má ṣe gbà kí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ara nìkan jẹ́ ohun tí dókítà yóò bá wọn sọ. Fáíbírọ́ìdì ńlá lè wà nínú ikùn tí wọ́n ń pè ní ti àmàlà níbí náà.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ àwọn dókítà wa. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti lọ sí òkè òkun, èrò tó ń dúró dè wọ́n kò níye, owó tí wọ́n ń gbà kò tó nǹkan. Mo bá wọn kẹ́dùn tọkàntọkàn. Àmọ́ gbólóhùn èébú àti gbólóhùn ọ̀wọ̀, àkókò kan náà ni wọ́n ń gbà. Ìlànà ìtọ́jú ara sísan tí Kánádà gbé jáde ní 2020 ní kí dókítà kọ́kọ́ tọrọ àyè: "Màmá, ṣé ẹ gbà kí á sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ìwọ̀n ara yín?" Ṣé ó yẹ kó jẹ́ Kánádà ni yóò kọ́ ọmọ Yorùbá bí a ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀? Ọmọ tí kò tó bú ìyá Bẹẹrẹ ní títì, kí ló fún un láṣẹ láti bú u nínú yàrá àyẹ̀wò?

Ẹ̀yin tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ sí, ẹ̀tọ́ yín wà nínú ìwé. Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 2018, Yemi Osinbajo, igbákejì ààrẹ nígbà náà, fi Ìwé Ẹ̀tọ́ Aláìsàn lọ́lẹ̀. Ẹ̀tọ́ méjìlá ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, àlàyé ní èdè tó yé yín wà níbẹ̀, ẹ̀tọ́ láti fẹjọ́ sùn náà wà níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́: "Dókítà, mo gbọ́ ti ìwọ̀n ara. Orúnkún ló gbé mi wá lónìí. Tí ẹlòmíì tí kò sanra bá wá pẹ̀lú irú orúnkún yìí, àyẹ̀wò wo lẹ máa ṣe fún un? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é fún èmi náà." Bí ara yín bá gbọ̀n, ẹ mú ẹnìkan dání tí yóò bá yín sọ ọ́. Bí kò bá gbọ́, ẹ bèèrè dókítà mìíràn, kí ẹ sì kọ ẹjọ́ sí ọ̀gá ilé ìwòsàn náà. Bó bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìgbìmọ̀ MDCN tó ń fún àwọn dókítà níwèé àṣẹ ló ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹ wo inú agboolé yín. Ìyá tó bá ti pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì nítorí ọ̀rọ̀ tí dókítà kan sọ sí i, ẹ bá a lọ sí ilé ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ sì jókòó tì í títí wọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò tán.