Ẹ̀yáwó Akẹ́kọ̀ọ́ Kò Gbọdọ̀ Dúró De Èrè Ilé-iṣẹ́
Inú ìwé ìṣúná la ti ń mọ ohun tí ìjọba ka ọmọ mẹ̀kúnnù sí. Òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní oṣù kẹrin ọdún 2024 dára lójú mi: kò ní èlé, ó sì di ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ kí sísan padà tó bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ₦20,000 lóṣù ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún owó ìgbọ́bùkátà akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ bi ẹni tó ń ra gàrí àti epo ní ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn bóyá ìyẹn lè gbé ọmọ dé ìparí oṣù. Òfin owó-orí ọdún 2025 wá ní kí àjọ NELFUND tó ń pín ẹ̀yáwó náà máa gba ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lára owó ìdàgbàsókè tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń san lórí èrè wọn. Bí èrè bá dínkù ńkọ́? Ebi ò ní dúró de ọdún tí ọjà bá dáa. Ẹ̀yin aṣòfin l'Ábújá, ẹ ya owó tó dájú sọ́tọ̀ fún oúnjẹ àwọn ọmọ yìí, kẹ́ ẹ sì rí i pé ó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀.