Ṣé Ọ̀rọ̀ Òṣèlú Yẹ Lórí Òkè?

Ẹgbẹ́ kékeré kan wà tí èmi àti àwọn ọmọ mi máa ń bá rìn lórí òkè níbí ní England, lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ìdílé Yorùbá ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn Ígbò wà, àwọn ará Jàmáíkà náà wà. Ní báyìí, àwọn kan fẹ́ ká ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá ọ̀rọ̀ òṣèlú sílẹ̀ mọ́ tí a bá ti wọ bàtà ìrìn. Èmi ò fara mọ́ ọn, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ fún ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, torí mo mọ̀ pé ẹgbẹ́ tiyín náà, ìbáà jẹ́ ti ìrìn tàbí ti bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ, á ti bá irú rẹ̀ pàdé.

Kì í ṣe pé àwọn tó fẹ́ òfin yìí ò ní ẹjọ́ rò. Ní 2023, lẹ́yìn ìdìbò ààrẹ ní Nàìjíríà àti ti gómìnà Èkó tó tẹ̀ lé e, ìjà Tinubu àti Obi bá wa gun òkè. Bàbá kan ò dúró lórí ẹni tó yẹ kó wọlé, ó bọ́ sórí ẹ̀yà. Ó ní kí àwọn Ígbò lọ ṣèjọba nílé wọn. Ígbò ni ọkọ ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó wà níbẹ̀, ó sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ tó so mọ́ àyà. Kò fèsì. Láti ọjọ́ yẹn, ìdílé náà ò wá mọ́, ọmọbìnrin mi sì ṣì máa ń béèrè ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Torí náà, ohun tí wọ́n fẹ́ fi òfin yẹn dáàbò bò yé mi. Àmọ́ ohun tí bàbá yẹn sọ, ṣé òṣèlú ni àbí èébú? Èébú ni. Ká ní oúnjẹ wọn ló fi bú wọn, ṣé a máa ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ oúnjẹ mọ́ ni?

Ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ yìí gan-an, òṣèlú ló ṣí i fún wa. Ẹ wo Kinder Scout, òkè ńlá tó wà láàárín Manchester àti Sheffield. Ní 1932, àwọn ẹ̀ṣọ́ Duke of Devonshire ló ń lé èèyàn kúrò níbẹ̀, torí ẹyẹ tí àwọn ọlọ́lá ń yìnbọn pa fún fàájì. Àwọn òṣìṣẹ́ Manchester, tí èéfín iléeṣẹ́ ń bá fínra láti Mọ́ńdè, ń wo òkè náà lókèèrè. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún yẹn, Benny Rothman, ọmọ 20 ọdún, àti àwọn èèyàn bíi 400 gbéra láti abúlé Hayfield, wọ́n gun òkè náà láìgbàṣẹ. Àwọn àti àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ̀yá ìjà. Márùn-ún nínú wọn lọ sẹ́wọ̀n, láti oṣù méjì dé mẹ́fà. Mẹ́rin ni ti Rothman.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti gbọ́ mi dáadáa rèé. Àwọn olórí ẹgbẹ́ ìrìn Manchester nígbà náà ò fọwọ́ sí i. Wọ́n ní ó máa ba nǹkan jẹ́. Àwọn náà sì ń bẹ ìjọba fún ọ̀nà o, òṣèlú sì ni ìyẹn náà. Títí dòní, àwọn èèyàn ṣì ń jiyàn lórí èwo nínú méjèèjì ló ṣiṣẹ́. Lójú tèmi, méjèèjì ni. Òfin jáde ní 1949. Ní 1951, Peak District, tí Kinder wà nínú rẹ̀, di National Park àkọ́kọ́ ní Britain. Ní 2002, ọmọ ọmọ Duke yẹn tọrọ àforíjì ní gbangba. Ọ̀rọ̀ ò sì tíì tán: oṣù Karùn-ún 2025 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a pé èèyàn lè pàgọ́ sùn lórí ilẹ̀ àjùmọ̀lò Dartmoor láìkọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ onílẹ̀.

Àwa gan-an ńkọ́? Rhiane Fatinikun (orúkọ tí etí Yorùbá mọ̀) dá ẹgbẹ́ Black Girls Hike sílẹ̀ ní 2019 kí àwọn obìnrin dúdú lè fọkàn balẹ̀ rìn nínú igbó. Lọ́jọ́ Kérésìmesì 2021, ẹgbẹ́ Muslim Hikers lọ rìn ní Peak District. Nígbà tí àwòrán wọn jáde, àwọn kan fi ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà bú wọn. Wọn ò sọ̀rọ̀ ìjọba kankan. Wọ́n kàn rìn ni.

Èyí tó wá ká mi lára jù ni ti èdè. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí wọ́n bí síbí, Yorùbá "wá jẹun" àti "lọ sùn" la gbọ́ dàgbà. Èmi tí mo dá kọ́ ìyókù fúnra mi, ẹnu àwọn bàbá tó ń jiyàn ni mo ti kó "ẹ̀tọ́", "ìdìbò" àti "ẹ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ná". Kò síbi tí Yorùbá àwọn àgbà wa ti ń dán tó ìgbà tí wọ́n bá ń jiyàn òṣèlú. Tí a bá gbé ìyẹn kúrò, àwọn ọmọ á gbà pé èdè ìkíni àti ọbẹ̀ ni Yorùbá, pé ọ̀rọ̀ tó bá lágbára, Gẹ̀ẹ́sì ló ni ín.

Níbi iṣẹ́ mi, ojoojúmọ́ la ń tú kóòdù ara wa wò, a sì ń jiyàn lórí ẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ló wà: iṣẹ́ la ń bá wí, kì í ṣe ẹni tó ṣe é. Irú ẹ̀ ni mo dábàá fún ẹgbẹ́ wa. Ẹ sọ̀rọ̀ Tinubu, ẹ sọ̀rọ̀ Obi, ẹ sọ̀rọ̀ Westminster tó bá wù yín. Ẹni tó bá bú ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni, kó tọrọ àforíjì lójú àwọn ọmọ tó gbọ́ ọ, kó tó tún bá wa rìn. Bàbá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ò tíì ṣe é, ìyẹn ló sì yẹ ká gbájú mọ́.

Ibi kan wà tí mo gbà kí ẹnu dákẹ́ o: ìgbà tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó ń jiyàn kì í wo ẹsẹ̀ ẹ̀, òkúta tí òjò rin ò sì mọ APC yàtọ̀ sí Labour.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nítòsí, ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí Hayfield. Àmì ìrántí ọdún 1932 wà lára àpáta ní Bowden Bridge, ibi tí wọ́n ti kóra jọ. Tí ọmọ yín bá kéré, kò pọn dandan kẹ́ ẹ dé òkè pátápátá. Ẹ rìn dé ibi tẹ́ ẹ ti máa rí adágún omi tó wà nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì padà. Ẹ mú ẹ̀wù òjò dání, kódà tí oòrùn bá ń ràn nígbà tẹ́ ẹ kúrò nílé.