Ẹ Fún Kẹ̀kẹ́ Ológeere ní Ọ̀nà Tirẹ̀ ní Festac àti Àmúwò

Àwọn àgbà wa sọ pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kan ara wọn. Ọ̀rọ̀ yìí bá títì mu pẹ̀lú. Níbi tí ojú ọ̀nà bá gbòòrò tí ètò sì wà, ọkọ̀ ńlá, ọkọ̀ kékeré, ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ lè kọjá, kí olúkúlùkù sì dé ilé rẹ̀ ní àlàáfíà. Ìlú kan wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó tí a dìídì wọn títì rẹ̀ kí ó lè rí bẹ́ẹ̀. Festac Town ni orúkọ rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí ni pé àsìkò tó wàyí láti ya ọ̀nà sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́ ológeere ní ìlú náà àti ní agbègbè Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, kí àwọn ọmọ ilé-ìwé àti àwọn òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀, kí àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ sì tẹ̀lé wọn.

Kí a má ṣe gbàgbé bí ìlú yìí ti ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí orílẹ̀-èdè wa fẹ́ gba àlejò fún Àjọ̀dún Kejì ti Iṣẹ́ Ọnà àti Àṣà Àwọn Ènìyàn Dúdú Àgbáyé, èyí tí ó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní títí di ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977, Ìjọba Àpapọ̀ kọ́ ilé sí orí ilẹ̀ àwọn Àwórì létí ọ̀nà Àgbádárìgì, kí àwọn àlejò lè rí ibi wọ̀ sí. Wọn kò jẹ́ kí ilé hù níbẹ̀ bí olú. Orí ìwé ni wọ́n ti kọ́kọ́ fa ìlà: àwọn òpópó ńlá tí a fi nọ́ńbà pè, àwọn títì kéékèèké tí ó ya láti ara wọn, àti àwọn àdúgbò tí ọ̀nà wọn kò já síbì kan, tí a fi lẹ́tà ábídí dá mọ̀. Nígbà tí àjọ̀dún parí, àwọn ọmọ Nàìjíríà ni ó kó wọ inú ilé wọ̀nyí. Ẹni tí ó bá mọ Èkó dáadáa yóò jẹ́rìí pé ìgboro tí a wọn títì rẹ̀ kí a tó fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ kò pọ̀ níbẹ̀. Ogún ni èyí jẹ́, ẹni tí ó bá sì jogún kò gbọdọ̀ fi ogún náà ṣòfò.

Kẹ̀kẹ́ ológeere náà kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó pọ̀ láàárín wa, òun ni olùkọ́ ń gùn lọ sí ilé-ìwé abúlé, òun ni oníwàásù ń gùn láti oko dé oko, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò fi ń ná ọjà. Ẹni tí ó bá ní Raleigh nígbà náà, ènìyàn pàtàkì ni. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ti dàgbà yóò rántí pé ìjọba ìbílẹ̀ a máa gba owó láísẹ́ǹsì lórí kẹ̀kẹ́. Lónìí, orúkọ náà pàápàá ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Bí ènìyàn bá dúró ní Mile 2 tí ó sì ké sí kẹ̀kẹ́, Márúwá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni yóò dúró níwájú rẹ̀. A kò bá ẹlẹ́ni Márúwá jà, nítorí iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe. Ṣùgbọ́n ìlú tí ọmọ rẹ̀ kò lè gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé-ìwé láìjẹ́ pé ọkàn ìyá rẹ̀ ń lù kìkì ti pàdánù ohun kan.

Ẹ wo bí nǹkan ti rí. Mile 2 ni ẹnu ọ̀nà agbègbè yìí, ibẹ̀ náà sì ni àwọn tírélà àti ọkọ̀ agbépo ń gbà lọ sí èbúté Àpápá àti Tin Can. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi to ara wọn sórí títì bí òkú ejò, títí di oṣù Kejì ọdún 2021 tí a gbé ìlànà tí a pè ní Ẹ̀tò kalẹ̀ láti máa pè wọ́n wọ èbúté lẹ́sẹẹsẹ. Ní apá Satellite Town, níbi tí àwọn àgbá epo ńláńlá wà, ọkọ̀ agbépo ni ó ń bá àwọn ará ilé du títì. Nínú Festac fúnra rẹ̀, ọkọ̀ tí a gbé sílẹ̀, ìsọ̀ tí ó yọ sí ojú ọ̀nà àti kòtò tí omi òjò gbẹ́ ti gba ibi tí ó yẹ kí ẹlẹ́sẹ̀ gbà. Ọmọ tí ó bá gun kẹ̀kẹ́ jáde ní láti yàn láàárín gọ́tà àti táyà ọkọ̀ akérò. Kí ni òbí yóò ṣe ju pé kí ó so kẹ̀kẹ́ náà mọ́ ẹ̀yìnkùlé?

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin tún mú kí ọ̀ràn yìí di kánjúkánjú. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Mile 2 dé Marina, ìrìn kìlómítà 13. A ń retí pé kí irin náà dé Okokomaiko. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tí ó fi ìrọ̀rùn ti Marina dé Mile 2 yóò tún san owó mìíràn fún ọ̀kadà tàbí Márúwá kí ó tó dé ilé rẹ̀ ní Festac, tí kò sì jìnnà. Bí ọ̀nà tí ó ní ààbò bá wà, tí ibi tí a lè ti kẹ̀kẹ́ mọ́ sì wà ní ìdí ibùdókọ̀, owó yẹn ìbá wà nínú àpò rẹ̀. Ní oṣooṣù, ó tó ra ìwé fún ọmọ.

Ohun tí a ń béèrè kò tóbi. Èkíní ni kí a fi ọ̀dà fa ìlà, kí a sì ri òpó kúkurú mọ́lẹ̀, láti ibùdókọ̀ ojú irin Mile 2 wọ ẹnu géètì Festac, kí ìlà náà gba First Avenue àti Second Avenue, kí ó sì yà sí ẹnu àwọn ilé-ìwé. Èkejì ni kí a gbà á kọjá lórí afárá tí ó so Festac mọ́ Àmúwò, kí ẹni tí ó ń gbé ní òdìkejì odò má bàa ní láti bọ́ sórí títì márosẹ̀ kí ó tó lè lọ kí ẹbí rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni kí a fi ààyè kan sílẹ̀ létí omi fún gbogbo ènìyàn, pẹ̀lú igi tí ó ní ibòòji àti àga.

A fẹ́ tẹnu mọ́ ẹ̀kẹta yìí. Ilẹ̀ ọ̀sà ni ilẹ̀ Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin. Odò wà láàárín àwọn ilé rẹ̀, ọ̀sà Àgbádárìgì wà ní gúúsù rẹ̀, àwọn erékùṣù bí Igbologun sì wà ní iwájú, kí ènìyàn tó kan òkun ńlá. Síbẹ̀, ọmọ tí a bí sí Festac lè dàgbà láìjókòó létí omi rí. Ọdọọdún ni a ń fi iyanrìn dí ẹ̀bá omi, tí a sì ń mọ ògiri yí i ká. Bí a kò bá fi ọ̀nà dí ibẹ̀ mú fún gbogbo ènìyàn nísinsìnyí, ẹni díẹ̀ ni yóò máa rí omi náà, láti ojú fèrèsé wọn. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ létí omi kì í ṣe ọ̀ràn fàájì lásán. Ẹ̀rí ni pé gbogbo ìlú ni ó ni odò.

Láti ibẹ̀ ni ìrìn àjò afẹ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀ oòrùn ni Àgbádárìgì wà, níbi tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a kọ́ ní ọdún 1845 ṣì dúró, níbi tí a ti wàásù Kristi lábẹ́ igi Àgíà ní ọdún 1842, tí ọ̀nà tí a gbà kó àwọn ẹrú lọ sí etí òkun ní Gberefu sì wà títí di òní. Ẹni tí ó bá kọjá ibodè Sèmè yóò dé Kútọnù, yóò sì lè tẹ̀lé etí òkun dé Ouidah. Ọ̀pọ̀ àlejò láti Amẹ́ríkà àti Bìrìtìkó yóò fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wá sí ibi tí àwa tí a ń gbé ibẹ̀ kò lè gun kẹ̀kẹ́ dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé? Ọ̀nà tí ọmọdé lè gbà láìfòyà ni àlejò yóò fẹ́ wá wò.

Àwọn kan yóò ní ohun àwọn òyìnbó ni èyí. Ẹ jẹ́ kí a rán wọn létí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Holland. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gba títì wọn bí ó ti gba tiwa. Ní ọdún 1971 nìkan, ó lé ní 3,000 ènìyàn tí ó kú sí ojú títì, àwọn ọmọdé tí ó lé ní 400 sì wà nínú wọn. Àwọn òbí fárígá. Wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí pé kí a dẹ́kun pípa ọmọdé, wọn kò sì sinmi títí ìjọba fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sọ́tọ̀. Nítòsí wa níhìn-ín, ìlú Kigali ní Rwanda ti ń dá ọkọ̀ dúró lórí àwọn títì kan ní àwọn ọjọ́ Àìkú kan láti ọdún 2016, kí ará ìlú lè rìn kí wọ́n sì gun kẹ̀kẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ìlú náà gba àlejò ìdíje àgbáyé fún eré kẹ̀kẹ́ ojú títì, ìgbà àkọ́kọ́ tí ìdíje náà yóò wá sí Áfíríkà. Ènìyàn dúdú ni àwọn náà, oòrùn sì ń ràn lórí wọn.

Àwọn mìíràn yóò béèrè pé kí ni ti kẹ̀kẹ́ nígbà tí iná àti omi kò tíì tó. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀dà àti òpó kúkurú kò ní kí a má tún ẹ̀rọ omi ṣe. Ní ti àwọn ìyá wa tí wọ́n pàtẹ ọjà sí ẹ̀bá ọ̀nà, a kò fara mọ́ kí ẹnikẹ́ni da igbá wọn nù. Kí a kọ́kọ́ fi ibi tí wọn yóò kó lọ hàn wọ́n, kí a tó fa ìlà.

Ta ni yóò wá ṣe é? Ìjọba Àpapọ̀ ní ọwọ́ nínú Festac nípasẹ̀ àjọ tí ó ń bójú tó ilé gbígbé, Ìpínlẹ̀ Èkó ní tirẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ náà sì ní tirẹ̀. Nígbà tí kòtò bá jìn, olúkúlùkù a máa nàka sí èkejì. Síbẹ̀, Ìpínlẹ̀ Èkó ti gbé ìlànà kan jáde ní ọdún 2018 lórí ìrìn ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ gígùn. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, ka ìtọ́jú títì àti ibi ìgbafẹ́ mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó sì dárúkọ láísẹ́ǹsì kẹ̀kẹ́ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọ̀dọ̀ wọn tààrà. Nítorí náà, àwáwí kò pọ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ wà, ẹ rántí ìtàn ọkọ̀ ojú irin yìí. Ìjọba Alhaji Lateef Jakande bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní ọdún 1983, ìjọba ológun fagi lé e ní ọdún 1985, ó sì gba nǹkan bí 40 ọdún kí Èkó tó rí ọkọ̀ ojú irin wọ̀. Iṣẹ́ rere kì í ṣe ti ẹgbẹ́ kan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ káńsẹ́lọ̀ yín ohun tí yóò ṣe lórí ọ̀nà kẹ̀kẹ́, kí ẹ sì má ṣe pàtẹ́wọ́ fún un títí ẹ ó fi rí ọ̀dà lójú títì.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ọwọ́ yín ni ọ̀rọ̀ yìí wà jùlọ. Ẹ ka iye ọmọ tí ilé wọn kò jìnnà sí ilé-ìwé yín. Ẹ kọ́ wọn ní òfin ojú ọ̀nà. Ẹ kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ pẹ̀lú àwọn òbí, kí ẹ sì béèrè pé kí a dá ọkọ̀ dúró lórí òpópó kan ṣoṣo fún wákàtí mẹ́ta ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan lóṣù, kí gbogbo ìlú fi ojú ara wọn rí i. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ní ọdún 1977, a la títì Festac kí ojú má bàa tì wá níwájú àlejò. Ẹ jẹ́ kí a tún un ṣe nísinsìnyí nítorí àwọn ọmọ wa.