Ta Ni A Ń Tẹ̀ka Fún?

Ẹ̀yin ará wa ní Sabon Gari, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí a bí sí Kano tí ẹ kò mọ ilé mìíràn, ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ tún ń bọ̀. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí ẹgbẹ́ òṣèlú, mo fẹ́ kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ọ̀ràn kan tí ó ń tì mí lójú.

Mo ti dìbò yan káńsẹ́lọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láì mọ orúkọ ẹni tí mo yàn. Ẹni tí ó ṣáájú mi lórí ìlà ni ó sọ àmì tí a ó tẹ̀, èmi náà sì tẹ̀ ẹ́. Ní ọdún kan, gọ́tà iwájú ilé wa dí. Omi òjò wọ yàrá àwọn ayálégbé, ó sì ba ọjà àwọn obìnrin tí ń ta aṣọ jẹ́. Àwa àgbà kọ ìwé, a dá agbádá borí, a kọrí sí ọ̀dọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Wọ́n gbà wá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n sì wí fún wa pé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni ọ̀ràn gọ́tà. Nígbà tí a dé ọ̀hún, akọ̀wé kan bi wá pé, "Ta ni káńsẹ́lọ̀ yín?" Àwa mẹ́fà ni a lọ, gbogbo wa ni a sì ti dìbò, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè dáhùn. Ẹni tí ó dàgbà jù nínú wa rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dénú.

Àwọn baba wa ní, àjèjì lójú, kò fi ríran. Bóyá a lè fi òwe yìí dá ara wa láre nígbà kan rí. Ṣùgbọ́n Sabon Gari ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn kan wà nínú wa tí a sin baba àti baba-ńlá wọn síhìn-ín. Àjèjì wo ni ó wá kù? Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 kò béèrè ìwé ọmọ onílùú lọ́wọ́ olùdìbò. Ọmọ Nàìjíríà tí ó bá ti pé ọdún 18, tí ó sì fi orúkọ sílẹ̀ níbi tí ó ń gbé, lè dìbò níbẹ̀. Ibi tí a bá ń gbé ni à ń ṣe.

Òfin kan náà, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ọjà àti gáréèjì, òpópónà àdúgbò àti gọ́tà rẹ̀, kíkó pàǹtí, ìtẹ́ òkú, kíkọ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó sílẹ̀. Ó tún ní ipa nínú ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ètò ìlera. Láti ọjọ́ tí a bá bí ọmọ ní àdúgbò yìí títí di ọjọ́ tí a ó sìnkú rẹ̀, ìjọba yìí ni ó sún mọ́ ọn jù lọ. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ààrẹ ni a mọ̀ ọ́n jà lé lórí ní ìdí ayò.

Ìwé ìdìbò kò sì ní kọ́ wa ní ohun tí a kò mọ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ àti àmì rẹ̀ ni ó wà lára rẹ̀. Kò sí orúkọ ènìyàn, kò sí àwòrán ojú. Ẹni tí kò bá ti mọ olùdíje láti ilé, kò lè mọ̀ ọ́n níbẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò wí pé asán ni gbogbo èyí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ṣé kì í ṣe ẹgbẹ́ tí ń ṣe ìjọba ìpínlẹ̀ nígbà náà ni àjọ elétò ìdìbò kéde pé ó gba ipò alága 44 àti ipò káńsẹ́lọ̀ 484, láìku ẹyọ kan? Bẹ́ẹ̀ ni. N kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé inú ẹgbẹ́ ni a ti ń mú ẹni tí yóò wọlé, a jẹ́ pé kí ọjọ́ ìdìbò tó dé ni ó yẹ kí a ti béèrè orúkọ àti ìwà rẹ̀. Ẹni tí ó mọ̀ pé a kò ní béèrè nǹkan kan, kí ni yóò wá ṣe ní ilé wa?

Ó tún ku ọ̀kan. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ láti àpò àpapọ̀ máa lọ sí ọwọ́ wọn tààrà. Bí àṣẹ yìí bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, owó náà yóò sún mọ́ wa ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó yẹ kí a mọ ọwọ́ tí yóò gbà á.

Àwọn kan yóò wá sọ pé kí gbogbo Yorùbá dìbò sí apá kan. N kò kọ ìṣọ̀kan. Ṣùgbọ́n ìṣọ̀kan tí kò ní ìmọ̀ nínú a máa di ẹrù tí ẹnì kan ń gbé lọ tà. A kò ní mọ ẹni tí ó rà á, a kò sì ní mọ iye tí ó tà á.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí agboolé kọ̀ọ̀kan wá orúkọ àwọn olùdíje wọ́ọ̀dù rẹ̀, láti inú ẹgbẹ́ gbogbo. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta lójú àwùjọ: Níbo ni ẹ ń gbé? Kí ni ẹ ó ṣe sí gọ́tà àti pàǹtí wa? Ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀ ni a lè rí yín? N kò ní sọ ẹni tí ẹ ó yàn fún yín. Mo bẹ olóòtú kí ó fi àyè sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ojú-ìwé yìí. Ẹ kọ orúkọ wọn síbẹ̀ fúnra yín, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri.