Láptọ́ọ̀pù kékeré, owó péréte: Ọdún mélòó ló kù lára ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ rà?

Láptọ́ọ̀pù kékeré tòkunbọ̀ pọ̀ lórí tábìlì àwọn ọlọ́jà ní Computer Village, Ìkẹjà. Àwọn tó ń ti Òṣòdì, Máfolúkù, Ìsọlọ̀ àti Ọ̀kọ́ta lọ síbẹ̀ mọ ohun tí wọ́n máa gbọ́: "UK used ni, ó mọ́ tónítóní." Oníbàárà á wo ara ẹ̀rọ, á dúnàá dúrà, á sanwó. Ìbéèrè kan ni ọ̀pọ̀ wọn kì í béèrè: ọdún mélòó ni ẹ̀rọ yìí ṣì máa wúlò kó tó di pé àwọn tó ń bójú tó o pa á tì?

Ìbéèrè náà ti wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, iléeṣẹ́ Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àtúnṣe ọ̀fẹ́ tó ń dí ihò mọ́ àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í wá mọ́, àfi fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ọdún kan, èyí tó máa parí ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2026. Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀ kì í sì í gba gbogbo ẹ̀rọ. Nínú àwọn tó ń lo ṣíìpù Intel, ìran kẹjọ sókè ni Microsoft fọwọ́ sí, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀.

Iléeṣẹ́ àti iléèwé tí ẹ̀rọ wọn kò lè gba Windows 11 nílùú òyìnbó ní láti wá òmíràn. Apá kan ohun tí wọ́n bá pa tì lọ́hùn-ún ló máa ń di ọjà níbí.

Ìdí tí kékeré fi ń wu èèyàn

Ẹni tó ń jáde ní Ìsọlọ̀ ní aago márùn-ún ìdájí kò nílò kí wọ́n ṣàlàyé ìdí tí ẹ̀rọ tó fúyẹ́ fi dára. Á wọ dáńfó, á sọ̀ ní Òṣòdì, á gun afárá, á tún wá BRT wọ̀ tàbí ọkọ̀ ojúurin Red Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Láptọ́ọ̀pù ńlá olójú íǹṣì 15.6 máa ń sún mọ́ kílò méjì tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, láì tíì ka ṣájà rẹ̀. Nínú àwọn olójú íǹṣì 12.5 tàbí 13.3 tí wọ́n ṣe fún òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, ọ̀pọ̀ kò ju kílò kan àti díẹ̀ lọ.

Kì í ṣe òṣìṣẹ́ nìkan lọ̀rọ̀ kàn. Láti ọdún 2015 ni JAMB ti gbé ìdánwò UTME kúrò lórí ìwé pátápátá sórí kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 2024, WAEC náà bẹ̀rẹ̀ ìdánwò orí kọ̀ǹpútà fún àwọn tó ń dá ìdánwò ṣe. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù rí títí di ọjọ́ ìdánwò, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe pọ̀: ó ń wá ìdáhùn, ó tún ń wá lẹ́tà.

Náírà ló jẹ́ kí àṣìṣe wọ́n

Lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ fi náírà sílẹ̀ fún ọjà láti dá iye lé ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan tó wà ní nǹkan bíi 460 náírà kọjá 1,500 náírà ní ọdún 2024. Láptọ́ọ̀pù tí oníṣòwò bá rà ní 150 dọ́là lókè òkun jẹ́ 69,000 náírà láyé 460. Nígbà tí dọ́là di 1,500, ẹ̀rọ kan náà di 225,000 náírà, kí wọ́n tó fi owó ọkọ̀, owó kọ́sítọ́ọ̀mù àti èrè lé e. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde ní ọdún 2024 jẹ́ 85,000 náírà. Ìyẹn ni pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo ju owó oṣù méjì ààbọ̀ lọ fún ẹni tó ń gba iye yẹn, láì jẹun, láì wọkọ̀.

Bí a ti ń yẹ ẹ́ńjìnnì wò ní Ládìpọ̀

Ará Òṣòdì kì í ṣe àlejò sí ọjà tòkunbọ̀. Ẹni tó bá lọ ra ẹ́ńjìnnì ní Ládìpọ̀ kì í wo bí wọ́n ṣe fọ̀ ọ́. Á ní kí wọ́n tan án, á gbọ́ ohùn rẹ̀, á wo èéfín rẹ̀. Ẹni tó bá lọ ra òkìríkà ní Aswani lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun á yí aṣọ sódì, á wo abíyá àti ojú rírán. Irú ojú yẹn ni láptọ́ọ̀pù náà fẹ́.

Àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà ṣíìpù. Ẹ ṣí Settings, ẹ wọ System, ẹ tẹ About, ẹ wá ka ohun tó wà níwájú Processor. Bó bá jẹ́ i5-7300U, 7 tó tẹ̀lé àmì yẹn ń sọ pé ìran keje ni. Bó bá jẹ́ i5-8350U, ìran kẹjọ ni. Èyí tó bá fi 10 tàbí 11 bẹ̀rẹ̀ jẹ́ ìran kẹwàá tàbí ìkọkànlá. Dell Latitude 7280 àti 7290 jọra bí ìbejì, bẹ́ẹ̀ náà ni ThinkPad X270 àti X280 sún mọ́ra lórúkọ. Ṣùgbọ́n 7280 àti X270 kò dé ìran kẹjọ. 7290 àti X280 ni èèyàn ti lè rí i. HP EliteBook 830 G5 náà wà níbẹ̀. Síbẹ̀, orúkọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ kò tó. Ṣíìpù inú rẹ̀ ni kí ẹ kà.

Kí ọlọ́jà fi Windows 11 hàn yín lójú ẹ̀rọ náà kò tó ẹ̀rí. Ọgbọ́n wà tí wọ́n ń dá láti kó o sórí ẹ̀rọ ìran kẹfà, ṣùgbọ́n Microsoft kò ṣèlérí pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ á máa rí àtúnṣe gbà.

Ìkejì ni ibi ìkó-nǹkan-pamọ́. Láptọ́ọ̀pù kékeré tuntun kan wà tí owó rẹ̀ máa ń fani mọ́ra, irú bíi HP Stream 11. Tuntun ni lóòótọ́, ó sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ní 32GB tàbí 64GB péré, èyí tí wọ́n jó mọ́ pátákó inú ẹ̀rọ, pẹ̀lú RAM 4GB tí kò ṣeé fi kún. Windows 11 nìkan ń béèrè 64GB, ó kéré tán. Ibo wá ni èèyàn fẹ́ kó iṣẹ́ tirẹ̀ sí? Tòkunbọ̀ ìran kẹjọ tó ní SSD 256GB àti RAM 8GB á ṣiṣẹ́ jù ú lọ fíìfíì.

Chromebook náà pọ̀ lọ́jà. Ó dára fún ẹni tó ní dátà, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n gbogbo Chromebook ló ní ọjọ́ tí Google máa dá àtúnṣe rẹ̀ dúró. Google kéde ní ọdún 2023 pé àtúnṣe á máa wá fún ọdún mẹ́wàá, àmọ́ ọjọ́ tí irú ẹ̀rọ náà jáde ni wọ́n ti ń ka ọdún yẹn, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ rà á ní Ìkẹjà. Àwọn mìíràn sì wà tí iléèwé òkè òkun ṣì so mọ́ ara wọn. Bí iléèwé náà kò bá tú u sílẹ̀, ẹni tó rà á kò ní lè fi orúkọ tirẹ̀ wọlé.

Ìkẹta ni bátìrì, torí ìṣe iná wa. Ẹ ní kí ọlọ́jà ṣí Command Prompt, kó tẹ powercfg /batteryreport. Ìwé tó máa jáde ń fi iye tí bátìrì ń gbà nígbà tó wà ní tuntun hàn, àti iye tó ń gbà báyìí. Bó bá jẹ́ 42,000 tẹ́lẹ̀ tó wá ku 21,000, ìdajì ti lọ. Èyí tó bá ń gba iná láti ojú USB-C tún dára sí i, torí power bank tó lágbára lè gbé e nígbà tí NEPA bá ti mú iná lọ.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́, ẹ pa ẹ̀rọ náà, ẹ tún un tàn. Bó bá béèrè password kó tó dé Windows rárá, tí ọlọ́jà kò sì mọ̀ ọ́n, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Ẹ̀bi ta ni?

Kò dáa kí wọ́n di gbogbo ẹ̀bi ru ọlọ́jà. Ọ̀pọ̀ wọn ń ra ẹrù lápapọ̀ ni, láì lè tan ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní èbúté Èkó ní ọdún 2015 àti 2016 fi hàn pé nǹkan bíi 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ alo-iná tí wọ́n ti lò ló ń wọlé lọ́dún, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ nínú ọkọ̀ tòkunbọ̀, àti pé ó kéré tán ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò ṣiṣẹ́. Ibi tí àbójútó ìjọba ti rọ̀ nìyẹn, oníbàárà ló sì ń ru ẹrù rẹ̀.

Síbẹ̀, òfin wà. Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 ní kí ọlọ́jà fún oníbàárà ní rìsíìtì, kó sì sọ ọ́ gbangba bí ọjà bá jẹ́ àlòkù. FCCPC àti LASCOPA, àjọ ti ìpínlẹ̀ Èkó, ló ń gbọ́ ẹjọ́ irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ láìsí rìsíìtì ṣòro rò. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀rọ, nọ́ńbà rẹ̀ àti iye ọjọ́ tí èèyàn lè dá a padà sínú rìsíìtì náà.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò dé ìran kẹjọ kò tíì pàdánù. Ó lè fi Linux Mint, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, sórí ẹ̀rọ ìran kẹfà, kó sì máa rí àtúnṣe gbà. Bó bá jẹ́ Windows 10 ló fẹ́ fi sílẹ̀ lẹ́yìn tí àtúnṣe bá ti tán, kó fi tẹ̀wé, kó fi kọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n kó má fi wọ àkáǹtì báǹkì.

Ìṣirò tó yẹ kí oníbàárà ṣe kò le. Kó pín iye owó sí iye ọdún. Bí ẹ̀rọ kan bá jẹ́ 150,000 náírà, tó sì máa wúlò fún ọdún kan, 150,000 ni lọ́dún. Bí òmíràn bá jẹ́ 240,000, tó sì máa wúlò fún ọdún mẹ́rin, 60,000 ni lọ́dún. Èyí tó wọ́n lójú tábìlì ló pọ́ọ́kú. Bí owó kò bá tíì pé, kí èèyàn fi oṣù méjì kún àjọ tó ń dá sàn ju kó ra ohun tó máa tún mú un padà sí Ìkẹjà lọ́dún tó ń bọ̀.