GBÈSÈ INÚ ẸYIN ẸJA



Nígbàkúùgbà tí epo rọ̀bì bá dà sínú omi, ohun tí a máa ń gbọ́ kò pé méjì: “Omi ti mọ́, a ti san owó gbà-máà-bínú, ọ̀rọ̀ ti parí.” Àwa wí pé kò tíì parí. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Ẹ wo Alaska ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 24 oṣù Mẹ́ta ọdún 1989, ọkọ̀ Exxon Valdez forí sọ àpáta, ó sì da epo tí ó tó mílíọ̀nù 11 gálọ́ọ̀nù sínú òkun. Ẹja kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní pink salmon. Ọdún méjì péré ni í lò láyé, inú odò ni í sì í yé sí. Títí di ọdún 1993, ẹyin tí ó ń kú nínú àwọn odò tí epo kàn pọ̀ ju ti odò mìíràn lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọmọ-ọmọ ẹyin ọdún 1989 ni ẹyin ọdún 1993. Epo tí ó sá pamọ́ sínú yanrìn ń dúró dè wọ́n.

Àwọn onímọ̀ tún kó ẹyin ẹja yìí sínú omi tí epo díẹ̀ kíún wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó yè dàbí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe wọ́n. Wọ́n sàmì sí wọn lára, wọ́n tú wọn sínú òkun. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó padà wá kéré sí ti àwọn tí epo kò kàn. A ti mọ̀ pé oró epo a máa ba ọkàn ọmọ ẹja jẹ́ nígbà tí ó ṣì wà nínú ẹyin. Lára ẹja kékeré tí à ń pè ní zebrafish, àbùkù oró náà tilẹ̀ hàn lára ọmọ-ọmọ tí kò fojú kan oró rí.

Ẹnìkan yóò wí pé, kí ló kàn wá ní Òkè Ọya? Ní ọdún 2020, kànga epo kan bú gbàmù lójú òkun Awóyè, iná rẹ̀ sì jó ju ọdún kan lọ. Ọmọ ìyá wa ni Ìlàjẹ. Ní ilẹ̀ Ògóni, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé wí ní ọdún 2011 pé ìfọ̀mọ́ lè gbà tó ọdún 25 sí 30. Edé tí ó ń gòkè wá láti etíkun, àwọn ìyá wa ni ó ń tà á. Owó epo tí wọ́n ń pín ní Abuja sì ń dé ìpínlẹ̀ tí a ń gbé. A kò lè jẹ nínú èrè kí a di etí sí gbèsè.

Ẹni tí ó pa àgbébọ̀ adìẹ, tí ó sì fọ́ ẹyin rẹ̀, kì í san owó adìẹ nìkan lọ́jà wa. Nítorí náà a ń béèrè pé kí ẹni tí ó da epo ka ẹyin mọ́ ẹja. Kí wọ́n máa yẹ omi àti ẹyin wò lọ́dọọdún, títí ọmọ-ọmọ ẹja yóò fi pé bí ó ti yẹ. Kí gbogbo ẹ̀ka Ẹgbẹ́ wa fọwọ́ sí ìwé tí a ó kọ sí àwọn aṣòfin lórí èyí.

Ẹja kò jẹ gbèsè yìí. Ẹni tí ó jẹ ẹ́ ni kí ó san án.