Gbàǹjo: Iye Àfipamọ́ Kò Burú, Irọ́ Ni Ó Burú

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú Isilaamu, ní Ajárá níbí, gbàǹjo tí a mọ̀ jù ni ti ọkọ̀ àti ẹrù tí kọ́sítọ́ọ̀mù gbà lẹ́nu ibodè Sẹ̀mẹ̀. Ṣùgbọ́n gbàǹjo àwòrán àti ère náà wà. Ní oṣù kejì ọdún 2018, ilé gbàǹjo Bonhams ní Lọ́ńdọ̀nù ta "Tutu", àwòrán ọmọ ọba Ifẹ̀ tí Ben Enwonwu yà ní 1974. 200,000 sí 300,000 pọ́n-ùn ni wọ́n fojú dá a sí. Ó tà ju 1,000,000 pọ́n-ùn lọ.

Ìfojúdá ni wọ́n ń kéde. Iye kan tún wà tí wọ́n sábà máa ń fi pamọ́: iye tí ẹni tó ni ọjà sọ pé bí owó kò bá dé ibẹ̀, òun kò tà.

Ṣé ẹ̀sìn kọ èyí? Lójú tèmi, rárá. Anas gbà á wá pé Ànábì fúnra rẹ̀ ta aṣọ ìtẹ́lẹ̀ àti ife kan fún aláìní kan. Ẹnì kan fẹ́ san dirhamu kan; Ànábì bèèrè ẹni tí yóò fi kún un, ẹlòmíràn sì san méjì. Gbàǹjo tọ́. Ọlọ́jà náà sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé "kò gbà", bí wọ́n ti ń sọ ọ́ ní ọjà Agbálátà.

Ibi tó ti burú nìyí: kí owó tó dé iye àfipamọ́ yẹn, ẹni tó ń lu gbàǹjo lè máa pe owó tí ẹnikẹ́ni kò dá. Oníbàárà á rò pé ẹlòmíràn ń bá òun du ọjà, á sì tún fi owó kún un. Òfin ọjà títà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1979 gbà kí ọlọ́jà fi owó lé ọjà ara rẹ̀ bí wọ́n bá ti kéde rẹ̀ ṣáájú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oníbàárà lè kà á sí jìbìtì. Nítorí náà ni àwọn ilé gbàǹjo ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn, níbi tí ojú ọ̀pọ̀ èèyàn kì í dé.

Ìyẹn kò tó. Ibn Umar gbà á wá pé Ànábì kọ "najash", èyí ni kí èèyàn fi owó lé ọjà tí kò fẹ́ rà. Ní mazhabu Màlíkì, oníbàárà tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún lè dá ọjà padà.

Àwọn kan lè fèsì pé Ibn al-Arabi, onímọ̀ Màlíkì ará Andalus, sọ pé ẹni tó gbé owó ọjà dé iye tó tọ́ sí i kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n iye tí ọlọ́jà fi pamọ́ lè ju èyí tó tọ́ lọ. Ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò? Bí owó kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó má tà á. Kí ló tún ń fi irọ́ ṣe?

Nítorí náà, bí a bá ń lu ẹrù ogún tàbí ti mọ́sálásí ní gbàǹjo, ẹ sọ ọ́ létí gbogbo èèyàn pé ó ní iye tí a kò níí tà kù sí. Ẹ má pe owó ẹni tí kò sí. Bí owó kò bá dé ibẹ̀, ẹ sọ gbangba pé ọjà kò tà.

Kí Ọlọ́hun fi hàlálì tó wa. Àmín.